Òjìji Tí Kì Í Wòkè

Máòsì kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò lọ. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Jẹ́jẹ́ tún un tì síwájú lórí pẹpẹ gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń họ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ǹtì. Ó wá tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn yọ̀ lọ láti òsì dé ọ̀tún láìjanpata. Síwájú, ó kọ̀. Sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbà. Jẹ́jẹ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Pẹpẹ tí ọmọ yín fi ń gbá géèmù nìyí?"

"Òun náà ni," ni bàbá ọmọ náà dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àwọn tí wọ́n ń tà ò tẹ́ òun lọ́rùn."

"Látìgbà tó ti sọnù, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan nǹkan níbí?"

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Èmi nìkan ló wà nílé. Mi ò sì tíì wọbẹ̀. Mi ò lè wọbẹ̀."

Káfíńtà ni bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì sì ń gbé ilé kan náà bí àlejò méjì tó pàdé ní ibùsọ̀ ọkọ̀. Bàbá á lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, ọmọ á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa bá àwọn ẹni tí kò fojú rí rí jagun lórí kọ̀ǹpútà. Òjìji ni wọ́n ń pè é nínú géèmù náà, orúkọ yìí sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn aládùúgbò náà ti ń fi pè é. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dàwátì. Ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ rẹ̀ pé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun nìkan ni kò sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́bẹ́ ti wà ní àtìmọ́lé látọjọ́ kejì, nítorí aránṣọ tó wà lódìkejì títì rí i tó sá jáde nílé náà bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ kò ga, kò sì sanra, kò sí afurasí kan tó sì gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Àwọn ọlọ́pàá kéékèèké máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ kí iná kú iṣẹ́ ná. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́run, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í dá ta káàdì lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan títí oorun á fi gbé e. Ilé rẹ̀ dákẹ́ jù fún un. Nítorí náà ló ṣe mọ máòsì bí ẹlòmíràn ṣe ń mọ bàtà ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fi pẹpẹ tó wà níwájú òun yìí ta káàdì lásán, áńbọ̀ǹtórí kó fi jagun.

Ó gbé pẹpẹ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú gíláàsì náà ti ṣú bí èyí tí èèyàn mí sí. Wọ́n ti fi sáńpépà ha á kó má bàa máa dán. Àmì híha náà tẹ̀ léra tín-ín-rín, tín-ín-rín, gbogbo rẹ̀ lọ tààrà láti òsì sí ọ̀tún. Kó tó dìde, ó fi ìka kan àárín àwọn bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Eruku pupa rẹ́súrẹ́sú bá a jáde, ó gbóòórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn gé.

"Ó dáa, bàbá," ló wí. "Ẹ ṣé. Màá padà wá."

*

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ti dá ẹjọ́ náà tán lọ́kàn ara rẹ̀. Ó gbé fóònù Òjìji síwájú Jẹ́jẹ́, ó ka iṣẹ́ tí Pẹ́lẹ́bẹ́ fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ tó sọnù.

"'Lónìí, mo máa pa ẹ́. Lọ múra sílẹ̀.' Ṣé ẹ gbọ́? Ó tiẹ̀ ní kó lọ múra sílẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

"Inú géèmù ni wọ́n ti ń para wọn, ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ inú géèmù ló wá kán sórí sìmẹ́ǹtì?"

Jẹ́jẹ́ ti fóònù náà padà síwájú ọ̀gá.

"Láàárọ̀ ọ̀túnla, a máa gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn," ni ọ̀gá wí. "Tí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bi í, ẹ yáa tètè bi í."

Wọ́n mú Pẹ́lẹ́bẹ́ jáde. Orúkọ rẹ̀ bá a mu púpọ̀: bó bá dúró ti òpó, òpó ni àlejò á kọ́kọ́ kí. Àtìmọ́lé tún ti bù kúrò nínú ìwọ̀nba ẹran tó wà lára rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi sáré jáde lọ́jọ́ yẹn?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Mo gbọ́ ìró alùpùpù bàbá rẹ̀ ni. Wọn ò fẹ́ máa rí mi níbẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mò ń ba ọmọ àwọn jẹ́."

"Bàbá rẹ̀ ní òun ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Mo gbọ́ alùpùpù náà, bàbá. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó wà níbí. Nínú èmi àti àgbàlagbà tó ń sunkún, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́?"

"Òjìji ńkọ́, báwo lo ṣe fi í sílẹ̀?"

"Orí àga rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín mi pé mò ń sá fún bàbá olóòlù."

Jẹ́jẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó retí.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe pẹpẹ máòsì?"

Pẹ́lẹ́bẹ́ wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó rí i pé ojú àgbà kò yẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó jókòó dáadáa.

"Èmi pẹ̀lú Òjìji la jọ ṣe tiwa. Aṣọ làwọn kan ń lò, ṣùgbọ́n aṣọ máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àwa fẹ́ èyí tó le. Ẹ máa ra gíláàsì tó nípọn, ẹ máa ní kí wọ́n bá yín lọ etí rẹ̀. Ẹ ó da omi sí i, ẹ ó kán ọṣẹ díẹ̀ sómi. Ẹ ó wá fi sáńpépà tó kúnná jù wé igi pẹlẹbẹ kan, ẹ ó máa fi yí i. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ kàn máa yí ọwọ́ róbótó-róbótó, láti igun kan dé igun kejì, ẹ nù ún, ẹ wò ó síbi iná, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti jọ gíláàsì tí èèyàn mí sí, ó ti jinná. Rọ́bà kékeré lẹ ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kó má máa yọ̀."

"Kí ló dé tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ máa yí?"

"Kí máòsì lè lọ síbi gbogbo bákan náà ni. Tí ẹ bá fà á tààrà, ẹ ti la ọ̀nà fún un nìyẹn. Á máa gba ọ̀nà yẹn, kò ní gba òmíràn."

"Òjìji mọ ìyẹn?"

"Òun ló kọ́ mi. Títí tí awọ ìka rẹ̀ fi bó ló ń yí tiẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wà nínú yàrá òun, pẹpẹ yẹn nìkan ni bàbá òun ò rà." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bàbá, ṣé ó ti kú ni?"

"Mi ò tíì mọ̀," Jẹ́jẹ́ wí, ó sì dùn ún pé kò ní èsì tó ju ìyẹn lọ.

*

Ìyá Pẹ́lẹ́bẹ́ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ náà ń bọ̀ wá sùn. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin náà fa àga fún un, ó nu àga tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi ò lè pa eèrà," ló wí. "Ẹ bá mi wá ọmọ tiwọn yẹn rí o. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ ti bá mi rí tèmi náà."

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ sí máòsì Pẹ́lẹ́bẹ́. Síwájú, ó lọ. Sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ. Ó yí i kiri, kò sí ibi tó ti họ. Àwọn àmì orí pẹpẹ náà tẹ̀ sí ara wọn róbótó-róbótó bí ìpẹ́ ẹja. Ó ṣí géèmù náà bí ọmọ náà ṣe ṣàlàyé fún un, ó gbé ẹ̀rọ agbọ́hùn dé etí. Kò tíì jókòó dáadáa tí ohùn kan fi bú mọ́ ọn létí.

"Pẹ́lẹ́bẹ́! Ìwọ náà dà? O fi wá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀tá."

"Ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe Pẹ́lẹ́bẹ́. Àgbàlagbà kan ni mí, mò ń wá Òjìji."

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ Alákàn láàárín wọn, nítorí òun ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn lójú ogun, ojú lalákàn sì fi ń ṣọ́rí. Kò fojú kan Òjìji tàbí Pẹ́lẹ́bẹ́ rí láyé. Ìlú tó wà gan-an, Jẹ́jẹ́ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

"Òjìji kẹ̀?" Alákàn wí. "Kí ni wọ́n ń wá a sí? Òun náà nìyẹn níwájú yín."

Jẹ́jẹ́ tẹ orí síwájú. Lójú kọ̀ǹpútà, ní ẹnu afárá kan tó ti wó, jagunjagun kan dúró tó wọ ẹ̀wù dúdú, tí wọ́n kọ Òjìji sókè orí rẹ̀.

"Látìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wá. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣe é, bàbá. Kì í jà mọ́. A máa ń kí i, 'Òjìji, ṣé o wà pa?' Kì í fèsì. Ẹ sì wo orí rẹ̀."

Jẹ́jẹ́ wò ó. Jagunjagun náà wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó tún wo òsì, ó tún wo ọ̀tún, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó ń retí ẹnì kan.

"Kì í wòkè," Alákàn wí. "Orí òkè ni ọ̀tá sì máa ń gbà wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú géèmù yìí mọ̀ pé kéèyàn máa wòkè. Wọ́n ń ti òkè pa á, á tún jí, á tún padà síbẹ̀ lọ dúró."

"Ẹni tó dúró tì í yẹn ńkọ́?"

Nítorí jagunjagun kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òjìji, ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí kò tíì ní nǹkan kan. Àlejò ni orúkọ tó fún ara rẹ̀.

"Ìyẹn ò pẹ́ tó dé. Òun náà kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá yọ sí Òjìji lókè, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Orúkọ rẹ̀ ló tuntun, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ẹni tuntun."

Jẹ́jẹ́ bọ́ ẹ̀rọ náà kúrò létí. Òsì àti ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ kí jagunjagun rẹ̀ wòkè gbọ́dọ̀ ti máòsì síwájú. Ó rántí bí máòsì ṣe kọ̀ fún un lórí pẹpẹ inú yàrá Òjìji. Ẹni tó bá ń lo pẹpẹ yẹn kò lè wòkè, bó tiẹ̀ wù ú.

*

"Ẹ rí i báyìí?" ni ọ̀gá àgọ́ wí láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí Jẹ́jẹ́ ròyìn fún un. "Àwọn méjì ni wọ́n pa á. Ẹnì kejì ló ń lo orúkọ òkú."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn, nítorí kì í bá ọ̀gá jiyàn kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń gé gíláàsì tà lọ.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ju ìró ẹ̀rọ tó fi ń lọ etí gíláàsì.

"Bàbá káfíńtà? Oníbàárà mi ni. Gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń rà. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ra ẹyọ kan tó nípọn, tó fẹ̀ tó báyìí. Wọ́n ní ti fèrèsé kékeré kan ni. Fèrèsé wo ló ń lo èyí tó nípọn tó yẹn? Ṣùgbọ́n èmi kì í bá oníbàárà jà."

"Ẹlòmíràn tún ra irú rẹ̀?"

"Ọjọ́ kan náà gan-an. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi báńdéèjì di àtẹ́lẹwọ́. Ó ti dúró lódìkejì títì tipẹ́, mo rò pé nǹkan ló fẹ́ jí. Àṣé ó ń dúró kí bàbá káfíńtà lọ ni. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló tó sọdá."

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan púpọ̀. Ó ní kí n lọ etí rẹ̀ dáadáa, kó má tún gé òun lọ́wọ́."

"'Kó má tún gé òun,' bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó jáde. Ó dúró fúngbà díẹ̀ sí òdìkejì títì náà, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin náà dúró sí. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí ẹ̀yìn ẹni tó bá ń yẹ gíláàsì wò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó lè rí ewú orí rẹ̀, ó sì lè rí bó ṣe ń di gíláàsì náà sínú aṣọ kó má bàa fọ́. Ó ṣe Jẹ́jẹ́ bákan. Ó rìn kúrò níbẹ̀.

*

Ilẹ̀kùn ilé káfíńtà kò tì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jẹ́jẹ́ kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó wọlé jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà yàrá tí bàbá náà ní òun kò lè wọ̀.

Bàbá náà ló wà lórí àga ọmọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbọ́hùn lé orí fìlà, ó tẹ orí síwájú, ó di máòsì mú bí ẹni di ìṣó mú kó tó fi òòlù lù ú. Lójú kọ̀ǹpútà, Òjìji dúró lẹ́nu afárá, ó ń wo òsì, ó ń wo ọ̀tún. Àlejò dúró tì í.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá."

Máòsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Ẹ jókòó," Jẹ́jẹ́ wí, òun náà sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Lánàá, ẹ ní ọmọ yín ló ṣe pẹpẹ yìí. Ọmọ yín máa ń yí ọwọ́ ni. Ẹni tó ṣe eléyìí fà á tààrà. Mo bi ara mi pé ta ló máa ń fa sáńpépà tààrà. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà ara igi ni, tó mọ̀ pé bí òun bá yí ọwọ́ lórí pákó, òun ti bà á jẹ́. Gíláàsì ò ní ìlà kankan lára, bàbá. Ọwọ́ yín ló ń wá a."

Bàbá náà fi ìka tọ ojú pẹpẹ náà láti òsì sí ọ̀tún.

"Lẹ́búlẹ́bú pákó wà láàárín bọ́tìnnì. Ẹ ra gíláàsì, ẹ ní ti fèrèsé ni. Pẹ́lẹ́bẹ́ sì gbọ́ alùpùpù yín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo fọ́ ọ," bàbá náà wí nígbà tó yá. "Mo bá a lórí àga. Mo ní kó wá bá mi di pákó kan mú, ó ní kí n dúró kí ogun parí. Ogun wo? Inú bí mi. Mo gbé pẹpẹ yẹn, mo là á mọ́ etí tábìlì. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣà á. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó ń gé ọwọ́. Kò dáhùn. Ó gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, 'Gbogbo ohun tí ẹ rà nìyí, bàbá. Ẹ gbà wọ́n. Èyí tó jẹ́ tèmi ni ẹ fọ́ yẹn.' Ó bá jáde."

"Ẹ wá sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ ò sí nílé."

"Ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé èmi ni mo lé ọmọ mi jáde?"

"Ìyẹn ti ọjọ́ kìíní. Wọ́n ti Pẹ́lẹ́bẹ́ mọ́lé lọ́jọ́ kejì. Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ̀rọ̀?"

Bàbá náà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tipẹ́.

"Mo mọ ọmọ mi. Kò ní jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jìyà. Mo ní tó bá gbọ́ pé wọ́n ti Pẹ́lẹ́bẹ́ mọ́lé, á jáde wá láti ibikíbi tó bá wà. Mo ń dúró kó gbọ́ ni."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó fi ọmọ ẹlòmíràn dẹ pàkúté fún ọmọ tirẹ̀. Ó wu Jẹ́jẹ́ kó pariwo, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò tọ́ kí òun gbé ohùn sókè báyìí tí òun kò gbé e sókè rí.

"Òótọ́ ni wọ́n ń pa á lówe pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru," ló wí. "Ìyá ọmọ yẹn ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un lójoojúmọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ sílé ẹjọ́."

Ó yọ fóònù, ó pe ọ̀gá àgọ́, ó ròyìn fún un ní ṣókí, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Pẹ́lẹ́bẹ́, òun máa mú bàbá náà bọ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá bú, ó tún bú, ó sì gbà. Bàbá náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀.

"Kí lẹ wá ń ṣe nínú géèmù yìí?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Mo kàn kọ́kọ́ jókòó síbi tó ń jókòó sí ni. Ni ohùn kan bá ní, 'Òjìji, ṣé o wà pa?' Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú rẹ̀ nínú ilé yìí. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì. Máòsì ò ṣe é lò lórí tábìlì lásán, mo bá ṣe pẹpẹ. Mo ní tó bá padà, á bá òmíràn níbẹ̀."

"Ta ni èyí tó dúró tì yín?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti dé, á dé. Bí wọ́n bá fẹ́ pa mí, á bọ́ síwájú. Ẹni náà ló ń jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ látọjọ́ yìí."

"Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ gé dúró lódìkejì títì lọ́jọ́ tí ẹ ra gíláàsì," Jẹ́jẹ́ wí. "Ó dúró kí ẹ lọ tán, ó wọlé, ó ra irú tiyín. Ẹni tó tún ra gíláàsì tó nípọn, géèmù ló fẹ́ padà gbá. Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ wo lẹ rò pé yóò lò?"

Bàbá náà wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ka orúkọ tó wà lókè orí jagunjagun kejì, ó tún un kà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n máa ń tẹ̀ kí ohùn lè jáde nínú géèmù, ó sì fa etí kan ẹ̀rọ agbọ́hùn náà síta kí òun náà lè máa gbọ́.

"Ọmọ mi," bàbá náà wí.

Àlejò kò mira.

"Ọmọ mi, Pẹ́lẹ́bẹ́ wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní òun ló pa ẹ́. Èmi ni mo parọ́. Èmi ni mo mọ̀ tí mi ò sọ."

Ó pẹ́. Ọ̀tá kan yọ lórí òkè, ó yìnbọn pa Òjìji, Àlejò kò sì bọ́ síwájú lọ́tẹ̀ yìí. Òjìji jí, bàbá náà fi máòsì tó ń họ wọ́ ọ padà síbi tó wà.

"Látìgbà wo?" ni ohùn kan wí. Ọ̀dọ̀ Àlejò ló ti wá.

"Látọjọ́ kejì tó o lọ."

"Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni kò ṣe wá síbí mọ́."

"Ó ti jáde báyìí. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún un."

Àlejò yí ojú sí Òjìji. Jẹ́jẹ́ gbọ́ bí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ṣe ń mí.

"Bàbá."

"Ọmọ mi."

"Ṣé ẹ fa sáńpépà yẹn tààrà ni?"

Bàbá náà wo Jẹ́jẹ́, ó wo pẹpẹ. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ kì í wòkè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí yín ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ da omi sí i. Ẹ fi èyí tó kúnná jù yí i, róbótó-róbótó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé wàá wá fi hàn mí?"

"Màá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀. Nítorí Pẹ́lẹ́bẹ́ ni o. Tilé, bàbá, mi ò tíì mọ̀."

Àlejò pòórá. Ẹnu afárá ṣófo, Òjìji nìkan ló kù níbẹ̀.

Bàbá náà bọ́ ẹ̀rọ agbọ́hùn, ó sì gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Ó mọ̀ pé ọlọ́pàá ń dúró de òun. "Ṣé mo lè tún pẹpẹ yìí ṣe díẹ̀ kí a tó lọ?" ló bi Jẹ́jẹ́.

Kò sẹ́ni tó ń retí Jẹ́jẹ́ nílé. "Ẹ máa ṣe é," ló wí.

Bàbá náà bu omi wá, ó kán ọṣẹ sí i, ó fi sáńpépà wé pákó pẹlẹbẹ kan. Ó tẹ orí ba pẹpẹ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bó bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á tún fẹ́ lọ tààrà, á sì dá a padà.